Ohùn Yín Wà Lọ́wọ́ Délé

Bàbá mi, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà,

Èmi ni o, àkọ́bí yín tó wà ní Accra. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ náà. Mi ò mọ ẹni tó ń gba lẹ́tà wọlé níbi tí ẹ wà, mi ò sì béèrè. Ẹ mọ̀ mí: tí mo bá ti fẹ́ ṣe nǹkan, n kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ṣeé ṣe. Ìwé kẹta ni mo dé kí ẹ tó ní kí n tẹ̀ lé Àǹtí Ráńtí lọ sí Ghana. Bíbélì àti ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi kọ́ ìyókù fúnra mi. Ẹ wá wò ó lónìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí. Ẹnikẹ́ni ò bá mi mú bírò.

Kí n kọ́kọ́ sọ ìròyìn tó dára. Ṣọ́ọ̀bù mi ti di mẹ́ta ní Kaneshie. Páìpù, tápù, táǹkì, gbogbo ohun tí omi ń gbà kọjá kó tó dénú ilé, èmi ni mò ń tà á. Kò sí ẹni tó ń kọ́lé láti Kaneshie títí wọ Dansoman tí kò mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi. Àwọn púlọ́ńbà máa ń dìde fún mi tí mo bá ń kọjá. Àwọn ará ibí ò pè mí lórúkọ mọ́, Maame Páìpù ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ á pè mí ní Alata, orúkọ tí wọ́n fi ń bú àwa ará Nàìjíríà níbí, lẹ́yìn náà á ra páìpù lọ. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá tó sunkún láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé bodè Aflao nínú ọkọ̀ alálùbọ́sà, òun náà lẹ̀ ń wò yìí.

Ṣé inú yín dùn sí mi? Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí.

Ó dáa, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Owú ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Mo ti sọ ọ́. Èmi tí ìdajì Kaneshie ń jowú, mò ń jowú Délé, àbúrò mi, ọmọ tí ẹ bí lẹ́yìn tí ẹ ti rán mi lọ tán. Òun ló lo bẹ́ẹ̀dì mi. Òun ló lọ sí yunifásítì. Ó wá tẹ̀ lé mi dé Accra níbí, báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́, Dansoman ló ń gbé, ó ń wọ táì. Gbogbo ìyẹn, mo ti fara mọ́ ọn láti ọjọ́ pípẹ́, torí mo mọ̀ pé mo ní ohun kan tí kò ní. Mo ní ohùn yín.

Ẹ rántí kásẹ́ẹ̀tì wa? Ẹ̀yin ò mọ̀wé kọ, èmi náà ò mọ̀ ọ́n tó báyìí nígbà náà, a ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì tó ń báni kọ lẹ́tà gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa. Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ sójú kan kásẹ́ẹ̀tì, ẹ máa ń fi rán awakọ̀ alálùbọ́sà. Èmi náà á sọ tèmi sójú kejì, n óò sì dá a padà. Bí gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Ghana ṣe ń ṣe nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló máa ń lọ tó máa ń bọ̀, wọ́n á máa sọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí títí okùn inú rẹ̀ á fi gbó. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́n. Mò ń ra tuntun, mò ń fi tuntun ránṣẹ́ sí yín lọ́pọ̀ yanturu, mo sì ń kó tiyín pamọ́. Ẹ bínú, ẹ ní ìnákúnàá ni. Ṣùgbọ́n mẹ́rìnlá ni mo kó jọ kí ẹ tó lọ. Mo máa ń sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí ẹni tó bá ní ohùn baba rẹ̀ tó mẹ́rìnlá nawọ́ sókè. Ẹnikẹ́ni ò nawọ́ rí.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi. Oníbàárà mi kan tó mọ kọ̀ǹpútà ní ètò kan wà tó máa ń ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo sínú àpótí dúdú kékeré kan nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́, pé tí kọ̀ǹpútà bá kú, ẹ̀dà ò ní kú. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ọkùnrin kan lókè òkun ló jókòó ṣe é, tó sì ṣí inú iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò ó, kó tún un ṣe, kó sì lò ó láìtọrọ àyè. Ó tún sọ ohun kan fún mi, pé kí n máa yọ nǹkan jáde níbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́.

Àmì kan ló tàn mí jẹ. Tí ètò yẹn bá ti ṣe tán nírọ̀lẹ́, àmì aláwọ̀ ewé kan á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Bàbá, mo fẹ́ràn àmì yẹn! Mo máa ń pe àwọn oníbàárà wá wò ó. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ wò ó, bàbá mi ló sùn síbẹ̀ yẹn, ara wọn le." Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń wò ó kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó gbọ́ ohun tí mo fi kásẹ́ẹ̀tì yín ṣe. Mo gbin àgbàdo díẹ̀ sórí ilẹ̀ tí mo fẹ́ fi kọ́ ilé kejì, àwọn ẹyẹ sì ń jẹ ẹ́. Ẹ mọ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n á fa okùn inú kásẹ́ẹ̀tì jáde, wọ́n á ta á láti igi dé igi, tí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú, á máa hùn, ẹyẹ á sá. Mo fọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Ọwọ́ ara mi yìí náà ni mo fi ta okùn wọn. Mo ní kí ni mo tún fẹ́ fi wọ́n ṣe, nígbà tí ẹ ti wà nínú àpótí? Ó hùn dáadáa. Ẹyẹ kankan ò sún mọ́ àgbàdo mi lọ́dún yẹn, mo sì fi yangàn fún gbogbo àdúgbò. Oòrùn àti òjò ló jẹ okùn náà tán.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, iná lọ, iná dé, iná tún lọ, bó ṣe máa ń ṣe wá níbí. Kọ̀ǹpútà náà kú. Mi ò tiẹ̀ mí kanlẹ̀. Mo ra tuntun lọ́jọ́ kejì. Ìrántí ikú yín ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà, mo sì ti sọ fún gbogbo ẹbí pé nílé Délé lọ́jọ́ náà, Bàbá fúnra wọn ló máa gbàdúrà fún wa. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Pásítọ̀ ní òun á tètè dé.

Mo gbé àpótí dúdú lọ bá Esi ní Kokomlemle. Obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni, ọ̀gá ni lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Kọ̀ǹpútà tuntun kọ ètò àtijọ́ yẹn, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Esi lọ wá kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Ọjọ́ méjì ló fi ń bá a jà. Nígbà tó pè mí padà, ó fà mí jókòó bíi dókítà.

"Maame, ọkùnrin tó ṣe ètò yìí ti fi í sílẹ̀."

"Ó kú ni?"

"Kò kú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òun nìkan lòun ń dá a ṣe, pé ìyàwó òun bímọ, pé òun ò ráyè mọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbà á. Ẹnikẹ́ni ò gbà á. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin."

"Ọdún mẹ́rin kẹ̀? Àmì rẹ̀ ń yọ sí mi lójoojúmọ́!"

"Àmì ń yọ, Maame. Àmì nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́."

Ó fi ibi tí àwọn ènìyàn ń kọ̀wé sí ọkùnrin náà hàn mí. Ó tú u fún mi ní Twi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ará ibí, ará ọ̀hún, wọ́n ń sọ pé ètò náà ń gé ohun tó bá tóbi, tó ń da èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nù, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan ní fọ́tò ìyàwó òun ló wà nínú tòun. Ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn. Ó rí bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí ọlọ́jà ti kó kúrò nínú rẹ̀.

Esi wá yíjú sí mi. "Maame, láti ọdún mẹ́fà yìí wá, ṣé ẹ yọ nǹkan kankan jáde níbẹ̀ wò rí?"

Bàbá, mo ti bá ọkùnrin mẹ́rin jà lẹ́ẹ̀kan náà lórí àyè tí mo ń kó páìpù sí, mi ò wolẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo wolẹ̀.

Nínú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá, ohun tó jáde ò ju kí ènìyàn mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ẹ wúkọ́. Ẹnìkan ń fi ayùn rẹ́ pákó lẹ́yìn yín. Ẹ ní, "Mo kí ọ o, ọmọ wa." Ó já.

Mo bínú sí ọkùnrin òkè òkun yẹn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń ṣe mí bíi kí n lọ bá a nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, kò sì sá lọ láìdágbére. Ó kọ ọ́ síta pé òun ń lọ. Èmi ni mi ò wo ibẹ̀. Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ pé mo jẹ̀bi, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ.

Ọjọ́ ìrántí pé. Ọjọ́ Àìkú ni, ọ̀sán gangan. Gbogbo wa jẹun nílé Délé, pásítọ̀ nu ẹnu, gbogbo ojú wá yí sí mi. Mo dìde. Mo ní ẹ̀rọ ń ṣàìsàn. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí a kọ orin. Ẹ̀rù ń bà mí, ohùn mi sì ń lọ sókè bíi ti ẹni tó ń jà. Nígbà tí wọ́n kọ orin tán tí pásítọ̀ lọ, Délé wọ yàrá, ó gbé páálí bàtà kan jáde. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá ni, Àǹtí mi."

"Bàbá wo?"

"Bàbá wa."

"Ìgbà wo ni wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ìwọ? Ìwọ tí ẹ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà?"

"Wọn ò fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn tó bàjẹ́ nìyí. Èmi ni mo máa ń bá wọn tẹ ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá ṣì í sọ, wọ́n á ní kí n gbé èyí kúrò, kí n gbé tuntun sí i."

"Èmi ni mo ra àwọn tuntun yẹn!"

"Ẹ ṣé, Àǹtí mi."

"O sì dákẹ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ ò fún mi láyè láti sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ní mẹ́rìnlá."

Ìyàwó rẹ̀ sáré gbé abọ́ wọ kíṣìnnì kí n má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i.

Délé sọ fún mi pé lọ́dọọdún lòun máa ń yí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí okùn wọn má baà lẹ̀ mọ́ra, pé òun á nu orí ẹ̀rọ, òun á sì gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tán. Kò pariwo rẹ̀ sétí ẹnikẹ́ni. Kò ní àmì kankan tó ń yọ. Ó kàn ń ṣe é ni.

A gbọ́ ọ. Bàbá, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀! Mi ò mọ̀ pé ẹ máa ń rẹ́rìn-ín báyẹn, tí ìmí yín á há. Nínú mẹ́rìnlá tèmi, ẹ máa ń kí mi ni, ẹ máa ń sọ ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ, ẹ máa ń gbàdúrà, ó tán. Nínú ti Délé, ẹ̀ ń bèèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń yí. Ẹ̀ ń bú ewúrẹ́ tó wọlé. Ẹ gbàgbé orúkọ ọkọ Àǹtí Ráńtí, ẹ ní kí Délé rán yín létí, òun náà ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin méjèèjì ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ ń pè é ní "ọ̀rẹ́ mi." Ọ̀rẹ́ mi! Èmi, "ọmọ wa tó wà ní Ghana" ni. Pákó tí ẹ ti fá dán ni ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Èérún tó bọ́ lára rẹ̀, tó ṣì ń rùn bí igi tútù, Délé lẹ fi í sílẹ̀ fún. Ṣé ẹ rò pé mi ò ní fẹ́ èérún ni?

Mo fẹ́ dìde kí n máa lọ. Délé ní kí n dúró gbọ́ èyí tó kù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní, "Ọmọ mi." Ẹ tún ní, "Délé, pa á." Ó dún kọ̀. Ó tún dún. Ẹ ní, "Ọmọ mi, a gbọ́ pé o ti ra ilẹ̀ ní Accra. A dúpẹ́. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi gbé sínú ọkọ̀..." Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń fa imú. "Mo ní kí o pa á!" Ó dún kọ̀. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan mọ́, afẹ́fẹ́ lásán ló ń yí.

Mo rántí èyí tí ẹ wá fi ránṣẹ́. Ìkíni ni. Ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ ilẹ̀ náà níbẹ̀. Mo bínú nígbà yẹn, mo sì lọ ra ilẹ̀ kejì kí ẹ lè sọ̀rọ̀.

Mo bi Délé pé, "Kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọ́n ń sunkún ni, Àǹtí mi."

"Nítorí pé mo ra ilẹ̀?"

"Nítorí pé ibí lẹ rà á sí. Wọ́n ní ẹ ò ní padà wálé mọ́ nìyẹn."

Bàbá, gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé mò ń ròyìn ayọ̀ fún yín. Ṣọ́ọ̀bù kìíní, ṣọ́ọ̀bù kejì, ìpìlẹ̀ ilé. Mò ń sọ ọ́ sójú kejì kásẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń kọrin, mò ń retí kí ẹ sọ pé mo káre. Ẹ̀yin sì ń jókòó nínú ìsọ̀ yín, ẹ̀ ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ìṣó tí mò ń kàn mọ́ ilẹ̀kùn ilé yín. Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé kí n máa bọ̀? Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ǹ bá wá. Mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá wá. Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń lọ sílé ìwé rí omi ojú yín, tí ẹ sì fi ohùn gbígbẹ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín?

Délé ti mọ̀ láti ìgbà tó wà ní kékeré pé ẹ fẹ́ràn mi. Òun ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe èmi. Ohun tí mò ń jowú gan-an nìyẹn.

Esi ti ṣe ẹ̀dà mẹ́sàn-án yẹn báyìí sí ibi mẹ́ta, ọ̀kan wà nílé mi. Lóṣooṣù ni mò ń ṣí i, mo sì ń gbọ́ ọ dópin, n kì í wo àmì kankan. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì fúnra wọn ṣì wà ní Dansoman, ó sì yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀. Mo máa ń wọ tròtrò, bọ́ọ̀sì akérò ibí, lọ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, èmi tí mo ní mọ́tò, nítorí Délé máa ń wá jókòó sí bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù dè mí, a sì máa ń fẹsẹ̀ rìn délé. A ó sọ̀rọ̀ yín. Òun á sọ bí ẹ ṣe máa ń jẹ ẹ̀kọ, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Tí a bá dé iwájú ẹ̀rọ, á nawọ́ láti tẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ fún yín.

N kì í gbà fún un. Mo máa ń gbá a lọ́wọ́ dànù, ọ̀gá báǹkì pẹ̀lú irun funfun lórí. Mo máa ń sọ fún un pé ó ti tẹ tirẹ̀ tó. Ìka tèmi ló máa ń tẹ̀ ẹ́, ẹ máa ń wúkọ́, ẹ sì máa ń bèèrè bóyá ó ti ń yí.

Ó ti ń yí, Bàbá. Ẹ máa sọ̀rọ̀.

Èmi ni ọmọ yín tó ra ilẹ̀ sí Ghana, tó sì fẹ́ràn yín bí ẹni tí kò kúrò nílé rí.